Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àjọ ITU: Ta Ló Mọ Kọ́kọ́rọ́ Tí Sátẹ́láìtì Ń Gbé Kiri?

Sí ẹ̀yin adarí àti òṣìṣẹ́ àjọ ìbánisọ̀rọ̀ àgbáyé, ITU, ní Geneva, pàápàá jù lọ ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìgbìmọ̀ Study Group 13 àti Study Group 17,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú àmójútó ọ̀rọ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ káàkiri ayé.

Olùkọ́ físíìsì ni mí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìròyìn nípa àwọn sátẹ́láìtì kúáńtọ́mù, bí wọ́n ṣe ń ti òkè fi ẹyọ ìmọ́lẹ̀ gbé kọ́kọ́rọ́ àṣírí, ìyẹn òǹkà tí a fi ń ti ọ̀rọ̀ pa kí ẹlòmíràn má lè kà á, ránṣẹ́ sí ìlú méjì tó jìnnà síra, àti bí wọ́n ṣe fẹ́ so wọ́n pọ̀ di nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan tí yóò yí ayé po. Inú mi ń dùn sí i gidigidi. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà tí wọn kì í yé tẹnu mọ́: pé kò sẹ́ni tó lè jí ọ̀rọ̀ tó bá gba ọ̀nà yìí. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà lónìí, ẹnì kan wà láàárín tó mọ kọ́kọ́rọ́ náà látòkè délẹ̀. Sátẹ́láìtì fúnra rẹ̀ ni. Ẹni tó bá ni sátẹ́láìtì, òun ló ni àṣírí. Nítorí pé ẹ̀yin lẹ ń kọ ìlànà tí wọn yóò fi kọ́ àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọ̀nyí ni mo ṣe kọ̀wé sí yín, nígbà tí amọ̀ ṣì tutù.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti inú ìtàn tiyín. Kí àwọn orílẹ̀-èdè tó pàdé ní Paris lọ́dún 1865 láti dá àjọ yín sílẹ̀, ẹnubodè ni wáyà tẹligíráàmù sábà máa ń dúró sí. Akọ̀wé tó wà níhìn-ín á gba ọ̀rọ̀ náà, á kọ ọ́ sórí ìwé, á nà án sí ẹnìkejì rẹ̀ ní òdì kejì ẹnubodè, ìyẹn á sì tún un tẹ̀ sórí wáyà tiwọn. Ọ̀rọ̀ òwò, ọ̀rọ̀ òkú, ọ̀rọ̀ ogun, gbogbo rẹ̀ ló ń kọjá lójú àwọn akọ̀wé wọ̀nyí. Iṣẹ́ tí àwọn tó ṣáájú yín ṣe ni pé wọ́n fi ìlànà kan ṣoṣo so àwọn wáyà náà pọ̀, kí ọ̀rọ̀ lè máa lọ tààrà. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé a fẹ́ tún gbé akọ̀wé ẹnubodè dìde, a sì fẹ́ fi í sí gíga 500 kìlómítà, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò ti ní tó o.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí yóò ka lẹ́tà yìí kì í ṣe onímọ̀ físíìsì, nítorí náà ẹ gbà mí láyè kí n ṣàlàyé díẹ̀. Awẹ́ gíláàsì mẹ́ta kan wà lórí tábìlì mi ní kíláàsì, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe awò òòrùn tó ń pa ìtànṣán. Mo máa ń gbé ọ̀kan sí òòró, mo á gbé èkejì lé e ní ìbú. Òkùnkùn á ṣú: ìmọ́lẹ̀ tó gba inú ti àkọ́kọ́ kọjá kò lè gba inú èkejì. Lẹ́yìn náà, mo á ki ẹ̀kẹta bọ àárín àwọn méjèèjì, mo á dá a gun díẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á ti máa retí kí òkùnkùn náà ki sí i, torí ta ló ń fi aṣọ kún aṣọ lójú fèrèsé kí ilé lè mọ́lẹ̀? Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ á yọ. Kíláàsì á dákẹ́ rọ́rọ́. Gíláàsì tó wà láàárín kò kàn wo ìmọ́lẹ̀ náà kó sì jẹ́ kó máa lọ. Bó ṣe wò ó ló ti yí i padà.

Orí ohun tí gíláàsì yẹn ń fi hàn wá ni gbogbo iṣẹ́ yìí dúró lé. Fótọ́ọ̀nù ni ẹyọ ìmọ́lẹ̀ tó kéré jù lọ, ó sì lè máa gbọ̀n ní òòró, ní ìbú, tàbí kó dà gun. Lọ́dún 1984, àwọn onímọ̀ méjì, Charles Bennett àti Gilles Brassard, dábàá pé kí ẹni tó fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́ máa fi fótọ́ọ̀nù ránṣẹ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kó máa yí ìgbọ̀n wọn padà bó ṣe wù ú, kí ẹni tó ń gbà á náà máa yan gíláàsì tirẹ̀ láìmọ èyí tí ẹni àkọ́kọ́ lò. Lẹ́yìn náà, àwọn méjèèjì á sọ ní gbangba irú gíláàsì tí wọ́n lò, wọn ò ní sọ ohun tí wọ́n rí. Ibi tí gíláàsì wọn bá ti bára mu, ibẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà. Bí olè bá dúró lọ́nà tó ń wo fótọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan kó tó fi òmíràn ránṣẹ́ dípò rẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin kọ́kọ́rọ́ náà á dàrú, bí wọ́n bá sì fi díẹ̀ nínú rẹ̀ wéra, wọ́n á mọ̀ pé ẹnì kan ti fọwọ́ kan nǹkan. Kò sì lè ṣe ẹ̀dà fótọ́ọ̀nù náà pamọ́ kó tó jẹ́ kí èyí tó jẹ́ ojúlówó máa lọ: Wootters àti Zurek, pẹ̀lú Dieks, ti fi hàn lọ́dún 1982 pé àbùdá ayé kò gbà á. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Fótọ́ọ̀nù náà kò yàtọ̀ sí ẹyin: olè tó bá gbé e kò lè dá a padà síbi tó ti rí i láìjẹ́ pé ó fọ́.

Kí ló wá gbé wa dé ojú ọ̀run? Okùn fáíbà ni, okùn gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Fáíbà tí ilé iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ sábà máa ń lò, bí fótọ́ọ̀nù 100 bá wọ inú rẹ̀, ẹyọ 1 ni yóò jáde lẹ́yìn 100 kìlómítà. Tó bá di 200 kìlómítà, ẹyọ 1 nínú 10,000 ni. Tó bá wá di 1,000 kìlómítà, kódà ká máa fi fótọ́ọ̀nù bílíọ̀nù 10 ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, a óò dúró fún nǹkan bí 300 ọdún kí ẹyọ kan tó jáde lódì kejì. Íntánẹ́ẹ̀tì tí gbogbo wa ń lò ń gba irú fáíbà bẹ́ẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń fún ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ lágbára lójú ọ̀nà. Fótọ́ọ̀nù tí kò ṣeé dà kọ kò ṣeé fún lágbára. Ṣùgbọ́n tí a bá gbójú sókè, èyí tó pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́ tí yóò dí ìmọ́lẹ̀ lọ́nà kò ju bíi 10 kìlómítà láti ilẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, òfìfo ni, kò sì sí ohun tó ń gbé fótọ́ọ̀nù mì níbẹ̀.

Oṣù kẹjọ ọdún 2016 ni Ṣáínà fi sátẹ́láìtì Micius ránṣẹ́ sókè láti Jiuquan. Pan Jianwei ló ṣáájú àwọn onímọ̀ tó ṣe é. Ó wù mí kí gbogbo ẹni tó ń gbọ́ orúkọ iṣẹ́ yìí mọ bó ṣe rí lójú. Òru ni, torí ìtànṣán oòrùn á bo fótọ́ọ̀nù ẹyọ kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀. Nígbà ìdánwò wọn, ní ibùdó Xinglong ní Ṣáínà, ó máa ń kù bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago kan òru lù kí Micius tó yọ. Lésà pupa á ti ilẹ̀ lọ bá a, lésà àwọ̀ ewé á ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá bá ilẹ̀, kí àwọn méjèèjì lè rí ara wọn nínú òkùnkùn. Ó ń sáré ju kìlómítà 7 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, awò ńlá tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó mítà kan sì ń yí tẹ̀lé e láìfojú kúrò. Tí ìmọ́lẹ̀ tó jù sílẹ̀ bá ti rin 1,200 kìlómítà, ó ti gbòòrò tó mítà 12, ìwọ̀nba èyí tó bá sì bọ́ sí ẹnu awò náà ni wọ́n ń rí gbà. Bí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run lálẹ́ ọjọ́ náà, ó di ọjọ́ mìíràn. Ìṣẹ́jú bíi márùn-ún péré, ó ti wọ̀. Síbẹ̀, láàárín ìwọ̀nba àkókò yẹn, ọ̀kẹ́ àìmọye bíìtì kọ́kọ́rọ́, ìyẹn òódo tàbí ení, ti balẹ̀. Ẹni tó bá ti ki gíláàsì mẹ́ta bọra lójú akẹ́kọ̀ọ́ rí á mọ bí orí mi ṣe wú nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ìwé yẹn.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, Bai Chunli, olórí Àkádẹ́mì Sáyẹ́ǹsì Ṣáínà nígbà náà, ní Beijing, àti Anton Zeilinger, olórí ti Austria nígbà náà, ní Vienna, bára wọn sọ̀rọ̀ lórí fídíò, kọ́kọ́rọ́ tí Micius pín sì ni wọ́n fi dáàbò bo ọ̀rọ̀ wọn. 7,600 kìlómítà ló wà láàárín ibùdó Xinglong àti ti Graz ní Austria, àwọn tó gba kọ́kọ́rọ́ náà. Gbogbo ayé pàtẹ́wọ́, èmi náà pàtẹ́wọ́.

Ẹ wá jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe pín kọ́kọ́rọ́ yẹn dáadáa. Micius kò rí Xinglong àti Graz lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tó kọjá lórí ọ̀kan, ó bá a ṣe kọ́kọ́rọ́ kan. Nígbà tó dé orí èkejì, ó bá òun náà ṣe tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi kọ́kọ́rọ́ kan bo èkejì, ó sì fi rédíò kéde àbájáde rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ìkéde náà lásán kò rí nǹkan kan mú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ọ̀kan lọ́wọ́ lè fi í yọ èkejì. Ọgbọ́n ńlá ni. Àmọ́ kọ́kọ́rọ́ méjèèjì wà níhòòhò nínú ìrántí sátẹ́láìtì náà, bí ọ̀rọ̀ tẹligíráàmù ṣe wà lójú akọ̀wé ẹnubodè. Àwọn onímọ̀ tó ṣe iṣẹ́ náà kò fi èyí pamọ́, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé wọn kedere. Ẹnu àwọn oníròyìn àti àwọn ọlọ́jà ni ìtumọ̀ rẹ̀ ti ń sọnù.

Lọ́dún 2021 àwọn onímọ̀ Ṣáínà náà tún gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan jáde tó gùn tó 4,600 kìlómítà. Apá kan rẹ̀ ni okùn fáíbà tó lọ láti Beijing dé Shanghai, tó ní ibùdó àfọkàntán 32. Ibùdó àfọkàntán ni wọ́n ń pè é nítorí pé kò sí ohun tó ń dáàbò bo kọ́kọ́rọ́ níbẹ̀ bí kò ṣe ìgbàgbọ́ pé ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ kò ní dalẹ̀. Lọ́dún 2025 ẹ̀wẹ̀, ìròyìn jáde pé sátẹ́láìtì kékeré Jinan-1, tó ti wà lókè láti ọdún 2022, ti pín kọ́kọ́rọ́ láàárín Beijing àti Stellenbosch ní Gúúsù Áfíríkà. 12,900 kìlómítà ni. Ibùdó orí ilẹ̀ tí wọ́n lò kò wọ̀n ju bíi 100 kìlógíráàmù lọ, ènìyàn lè gbé e láti ibì kan sí ibòmíràn. Ìlọsíwájú tó yani lẹ́nu ni èyí, torí ó fi hàn pé owó tí a fi ń wọ inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí ń wálẹ̀. Ṣùgbọ́n sátẹ́láìtì náà ṣì mọ kọ́kọ́rọ́. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. A ti lanu ògiri yìí fúnra wa.

Ọ̀nà mìíràn wà, wọ́n sì ti tọ̀ ọ́ rí. Lọ́dún 1991, onímọ̀ físíìsì Artur Ekert dábàá pé kí a lo fótọ́ọ̀nù ìbejì: méjì tí a bí papọ̀, tí ìgbọ̀n wọn sì so mọ́ra débi pé bí wọ́n ṣe wù kí wọ́n jìnnà síra tó, ohun tí a bá rí lára Táyé á bá ti Kẹ́hìndé mu. Kí a tó wò wọ́n, ìdáhùn kò sí lára ìkankan nínú wọn. Ohun tó mú mi nífẹ̀ẹ́ sí ọ̀nà yìí nìyẹn. Sátẹ́láìtì á kàn máa bí ìbejì, á máa ju ọ̀kan sí ìlú yìí àti èkejì sí ìlú yẹn lẹ́ẹ̀kan náà. Kò mọ kọ́kọ́rọ́, torí kọ́kọ́rọ́ kò tíì sí nígbà tí wọ́n kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Kódà bó bá jẹ́ ọ̀tá wa ló ni sátẹ́láìtì náà, tó sì fẹ́ rẹ́ wa jẹ, àyẹ̀wò kan wà tí àwọn méjèèjì lè ṣe ní orí ilẹ̀. Àyẹ̀wò náà ń bí èsì kan, èsì náà kò sì lè ju 2 lọ bí ìbejì náà kì í bá ṣe ìbejì tòótọ́. Nígbà tí Micius ju tirẹ̀ sí ibùdó Delingha àti Lijiang ní Ṣáínà lọ́dún 2017, 1,203 kìlómítà síra wọn, 2.37 ni wọ́n rí. Irú àyẹ̀wò yìí ni àwọn onímọ̀ físíìsì Aspect, Clauser àti Zeilinger tìtorí rẹ̀ gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2022.

Lọ́dún 2020, wọ́n fi ọ̀nà ìbejì yìí ṣe kọ́kọ́rọ́ gan-an láàárín Delingha àti ibùdó Nanshan, 1,120 kìlómítà, láìsí ibùdó àfọkàntán kankan láàárín. Mi ò ní tan yín pé ó yá. Bíìtì 0.12 ni wọ́n ń rí ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kọ́kọ́rọ́ ẹyọ kan tó ní bíìtì 256 á gbà tó ìṣẹ́jú 35, bẹ́ẹ̀ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni sátẹ́láìtì fi ń wà lójú ibùdó méjèèjì papọ̀ lóru kan. Èyí túmọ̀ sí pé ó lè gbà tó ọ̀sẹ̀ kan kí kọ́kọ́rọ́ kan tó pé. Inú ìbejì mílíọ̀nù 5.9 tí Micius ń bí ní ìṣẹ́jú àáyá kan lọ́dún 2017, bíi méjì-méjì kan ṣoṣo ló ń gúnlẹ̀ pé. Mo mọ̀ pé kò sí ilé iṣẹ́ tó máa dúró de irú èyí. Ṣùgbọ́n ìdánwò Bennett àti Brassard tó kọ́kọ́ yọrí sí rere lórí tábìlì, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò rìn ju bíi sẹ̀ǹtímítà 30 lọ.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún wá rèé. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìlànà tí ẹ ń kọ sọ akọ̀wé ẹnubodè di aláàfin títí ayé. Àwọn ìwé yín lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí, láti orí Y.3800 tó jáde lọ́dún 2019, ti mọ̀ nípa ibùdó àfọkàntán, mi ò sì ní kí ẹ fòfin dè é, torí kò sí ohun mìíràn tó ṣeé lò lónìí fún ọ̀nà jíjìn. Ṣùgbọ́n kí ó di dandan pé ilé iṣẹ́ tàbí ìjọba tó bá ń ta iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ sọ fún oníbàárà rẹ̀, ní èdè tó yé e, àwọn tó mọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà, iye wọn, ibi tí wọ́n wà, àti òfin orílẹ̀-èdè tó de wọ́n. Kí ẹnikẹ́ni má lè pe iṣẹ́ rẹ̀ ní ààbò láti ọwọ́ dé ọwọ́ bí sátẹ́láìtì bá ń ka kọ́kọ́rọ́ láàárín. Abala 37 nínú òfin àjọ yín ti pàṣẹ fún àwọn orílẹ̀-èdè pé kí wọ́n sa gbogbo ipá wọn láti pa àṣírí ọ̀rọ̀ tó ń kọjá láàárín ara wọn mọ́. Mi ò ní kí ẹ ṣe ohun tuntun ju ìyẹn lọ.

Ìkejì ni ibùdó orí ilẹ̀. Bí ọ̀ràn bá ń lọ bó ṣe ń lọ yìí, ẹni tó bá ra ibùdó lọ́dọ̀ orílẹ̀-èdè kan kò ní lè gba fótọ́ọ̀nù láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì ẹlòmíràn. Àwọ̀ lésà ìtọ́nà, ìwọ̀n ìgbì ìmọ́lẹ̀, bí wọ́n ṣe ń mú aago bára mu, bí wọ́n ṣe ń sọ ìdarí òòró àti ìbú fún ara wọn, gbogbo rẹ̀ ni kálukú ń yàn fúnra rẹ̀. Bí ìlànà kan bá wà, orílẹ̀-èdè tí kò ní sátẹ́láìtì kankan lè kọ́ ibùdó tirẹ̀, kó gba ìbejì láti ọ̀dọ̀ ẹni méjì tàbí mẹ́ta tí wọn kò fẹ́ràn ara wọn, kó sì máa fi ọ̀kan yẹ èkejì wò. Sátẹ́láìtì kì í bèèrè ìwé ìrìnnà kó tó kọjá lórí ilẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ sì fi àyè sílẹ̀ nínú ìlànà náà fún ẹ̀rọ tí kò tíì jáde ní yàrá ìwádìí, èyí tí yóò lè fi fótọ́ọ̀nù pamọ́ kó sì so ìbejì pọ̀ mọ́ ìbejì, kí a má baà wó gbogbo ilé nígbà tó bá dé.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á sọ pé kí la tún ń fi gbogbo èyí ṣe. NIST, àjọ tó ń kọ ìlànà ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà, ti gbé ìlànà mẹ́ta jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2024 fún àdììtú oníṣirò tí wọ́n retí pé kọ̀ǹpútà kúáńtọ́mù kò ní lè tú, ó sì ṣeé fi sórí ẹ̀rọ tí a ti ní. NSA, àjọ ààbò orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, náà ti sọ pé òun kò dámọ̀ràn ọ̀nà kúáńtọ́mù fún iṣẹ́ ààbò orílẹ̀-èdè. Wọn kò sọ̀rọ̀ òfegè. Òótọ́ ni pé fótọ́ọ̀nù kò lè sọ fún ọ pé ẹni tó wà lódì kejì ni ẹni tó pe ara rẹ̀, àfi kí ẹ ti mọ ara yín tẹ́lẹ̀ tàbí kí ẹ fi àdììtú oníṣirò ṣe é. Òótọ́ ni pẹ̀lú pé lọ́dún 2010, onímọ̀ Vadim Makarov àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìmọ́lẹ̀ líle fọ́ ẹ̀rọ tó ń gba fótọ́ọ̀nù lójú, wọ́n sì darí rẹ̀ bó ṣe wù wọ́n láìjẹ́ pé ó mọ̀. Àbùdá ayé kì í parọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ọwọ́ ènìyàn ṣe lè ní ihò. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí ìlànà yín pàṣẹ pé kí a lo méjèèjì papọ̀, kí olè tó bá já ọ̀kan ṣì bá èkejì níwájú. Àwọn kan ń kó ọ̀rọ̀ tí a dì lónìí pamọ́, wọ́n ń dúró de ọjọ́ tí wọ́n á lè tú u. Àkọsílẹ̀ ìlera ọmọ tí wọ́n bí lánàá á ṣì jẹ́ àṣírí rẹ̀ ní 80 ọdún sí i, kò sì sí onímọ̀ ìṣirò kan tó lè fọwọ́ sọ̀yà lónìí pé àdììtú tòní kò ní já títí dìgbà yẹn.

Nígbà tí ẹ bá tún jókòó sórí ìwé ìlànà tó kàn lórí sátẹ́láìtì wọ̀nyí, mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó débi àwòrán ẹ̀rọ àti orúkọ ìgbì, ẹ kọ ìbéèrè kan sí ojú ewé àkọ́kọ́: ta ló mọ kọ́kọ́rọ́ yìí? Kí ẹ sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀ níbi tí gbogbo ènìyàn á ti rí i.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
olùkọ́ físíìsì kan tó ń retí èsì yín.